Bàtà Òkè Mi Lẹ́sẹ̀ Àbúrò Mi

Wọ́n ní kí n jókòó sílé nítorí pé mo sọ pé ara mi le.

Àbúrò mi tó bì sínú báágì oníke, tó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, tó ń ké pe ìyá wa tó wà ní Ìbàdàn bí ẹni pé yàrá kejì ló wà, òun ni wọ́n ní ó yege. Bí mo ṣe ń kọ èyí nílé mi ní Jenfeld, ní Hamburg, ó wà lójú ọ̀nà òkè ní Peru, ó ń lọ wo ahoro ìlú tó ti wà lọ́kàn mi kí òun tó mọ̀ pé ó wà láyé. Bàtà mi ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Màá tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè mọ ibi tó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo ni ìrìn àjò náà. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kọ́ ní yunifásítì nílé. Olùkọ́ wa kan kó wa lọ gun òkè Ìdànrè láti wo ìlú àtijọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ fi sílẹ̀ lókè nígbà tí wọ́n ṣí wá sí ìsàlẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ya fọ́tò, wọ́n ń wá ẹni tó ń ta omi tútù. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé kan tí ẹnikẹ́ni ò gbé mọ́, mo fi ọwọ́ lé ògiri rẹ̀, mi ò fẹ́ dìde. Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀ ni olùkọ́ náà sọ fún mi pé àwọn kan wà láyé àtijọ́, lórí òkè ní Peru, tí wọ́n fi òkúta nìkan kọ́ ìlú, láìlo amọ̀, láìlo sìmẹ́ǹtì, tí ẹnu ọ̀bẹ ò sì lè wọ àárín òkúta kan àti èkejì. Ó ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun ún, wọ́n á sùn lójú ọ̀nà kí wọ́n tó débẹ̀, àti pé òkè náà ga débi pé èémí máa ń wọ́n. Mo gbé ìlú yẹn sọ́kàn wá sí Jámánì bí ẹlòmíràn ṣe ń gbé fọ́tò òbí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni àbúrò mi kọ́. Bí ẹ bá bi í nígbà náà pé níbo ni Peru wà, á ní kí ẹ jẹ́ kóun wò ó lórí fóònù.

Ilẹ̀ Hamburg tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní Billbrook, níbi tí mo ti ń ṣètò ẹrù tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ní ilé ìkẹ́rùsí kan, àwọn páálí tí a tò léra ni òkè tí a ní. Nígbà tí mo wá rí obìnrin ará Jámánì kan ní Berlin, atọ́nisọ́nà tó máa ń kó èrò díẹ̀ lọ sí ìlú olókùúta náà, mo ní Ọlọ́run ti gbọ́. Obìnrin náà ní kí n ra bàtà òkè, kí n máa wọ̀ ọ́ títí tí yóò fi mọ ẹsẹ̀ mi, kí n sì wá ohun tí màá máa gùn.

Bàtà náà le bí pákó. Ó bó mi ní gìgísẹ̀, ó dá egbò sí mi lọ́mọ ìka. Mo fi báńdéèdì dì í, mo tún wọ̀ ọ́. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, mo wọ̀ ọ́ lọ ra ata, mo wọ̀ ọ́ lọ sí ìjọ Aládùúrà wa. A kì í wọ bàtà wọnú ilé ìsìn, nítorí náà ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárín sálúbàtà àwọn ènìyàn, bí ewúrẹ́ méjì láàárín adìẹ. Màmá Ìjọ wò ó, wọ́n wò mí.

"Ọmọ mi, ṣé o ti wọ iṣẹ́ sójà ni?"

"Rárá, Mà. Òkè ni mo fẹ́ gùn."

"Òkè àdúrà?"

"Òkè lásán, Mà."

"Háà! Ẹni tó gun òkè lásán tí kò gbàdúrà, kí ló lọ ṣe níbẹ̀?"

Gbogbo ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in.

Ilé gogoro ni mò ń gbé. Mo rọ ìrẹsì àti ẹ̀wà sínú àpò ẹ̀yìn mi, mo ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè pátápátá, mo ń sọ̀, mo tún ń gùn. Màmá àgbà ará Jámánì kan tó ń gbé nísàlẹ̀ mi á ṣílẹ̀kùn.

"Ṣé Aufzug tó ń gbéni ròkè tún ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́, Mà. Òkè ni mò ń gùn."

"Ní Jenfeld?"

Á wò mí láti òkè délẹ̀, á ti ilẹ̀kùn.

Báyìí ni mo ṣe títí bàtà náà fi rọ̀, títí awọ rẹ̀ fi ń ká níbi tí ẹsẹ̀ mi ń ká. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Màá padà sórí rẹ̀.

Àbúrò mi ńkọ́? Èmi ni mo pè é. Marzahn ló ń gbé, ní Berlin, mi ò sì fẹ́ jẹ́ èmi nìkan aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn èrò náà. Ìdí tí mo fi pè é kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Àǹtí mi, àlàpà lẹ fẹ́ lọ wò? Ilé bàbá wa tó wà lábúlé ńkọ́? Ṣebí òun náà ti wó."

"Ìwọ ṣáà tẹ̀lé mi."

"Tó bá rẹ̀ mí, ṣé ẹ máa pọ̀n mí?"

"Ìgbà wo ni mi ò pọ̀n ọ́ rí?"

Ó gbà. Ó ra bàtà tirẹ̀ náà, ó gbé e sínú páálí rẹ̀, ó ní ó wúwo. Bàtà kẹ́ẹ̀sì rẹ̀ tó fúyẹ́ ló ń wọ̀ lọ sórí òkè kékeré kan ní Marzahn, èyí tí wọ́n fi àfọ́kù ilé àti yẹ̀pẹ̀ mọ. Ó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi láti ibẹ̀: òun àti ife kọfí, òun àti ajá ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a kí a jọ rìn, kò sí bẹ́ǹṣì tí a kò jókòó lé. "Àǹtí, orúnkún mi." "Àǹtí, ẹ̀yìn mi." "Àǹtí, òòrùn yìí." Mo gba àpò rẹ̀ mọ́ tèmi. Àwọn àjèjì tó ń kọjá lórí òkè yẹn pàápàá mọ ibi tó ń dùn ún.

Atọ́nisọ́nà náà kì í gba ẹnikẹ́ni láìdán an wò. Yàrá kan wà ní Berlin tí wọ́n ń pè ní Höhenkammer. Wọ́n máa ń sọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ di fẹ́lẹ́ bíi ti orí òkè gíga, ẹ ó sì máa rìn lórí ẹ̀rọ nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa wọ ibẹ̀, ìyá wa pè wá lórí fóònù láti gbàdúrà fún wa.

"Ẹ má fi ẹnu yín gba àìsàn o. Ẹni tó bá ní ó rẹ òun, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Kí ni ẹ máa sọ?"

"Ara wa le, Mà."

"Mi ò gbọ́."

"Ara wa le!"

Ohùn tèmi ló ròkè jù, bí a ṣe máa ń pariwo rẹ̀ ní ìjọ.

Nínú yàrá náà, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan há wa lọ́mọ ìka, èyí tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò pẹ́ tí nǹkan kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu agbárí mi láti ẹ̀yìn ojú. Etí mi ń hó. Ilẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Atọ́nisọ́nà náà dúró níwájú mi.

"Báwo ni orí rẹ?"

"Ó dára."

"Inú rẹ ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Ṣé kò sí ohun tó ń ṣe ọ́ rárá?"

"Ara mi le."

Ó wo ọmọ ìka mi, ó wo ojú mi, ó kọjá lọ. Kí ni kí n tún sọ? Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá bi ọ́ bí ara rẹ ṣe rí, ìkíni ló ń kí ọ. Ta ló ń ka àrùn sílẹ̀ fún ẹni tó kí i? A dúpẹ́ ni ìdáhùn, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò tíì dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi tí ìyẹn fi pariwo. "Ẹ dá a dúró! Orí mi fẹ́ là! Mo fẹ́ bì!" Ó sì bì. Ta ló mú un léjìká? Ta ló nu ẹnu rẹ̀? Èmi tí orí tèmi náà fẹ́ là, èmi ni mo nù ún.

Nígbà tí a jáde, ara àbúrò mi ti balẹ̀, ó ń mu tíì. Atọ́nisọ́nà náà jókòó tì wá. Ó sọ fún àbúrò mi pé yóò lọ: ó tètè sọ̀rọ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè dín ìrìn rẹ̀ kù kí ara rẹ̀ tó bàjẹ́. Ó wá yíjú sí mi.

"Mi ò lè mú ọ lọ. Ohun tó wà lọ́mọ ìka rẹ ní ìwọ lo wà nínú ewu jù. Ẹnu rẹ ní kò sí nǹkan kan. Lókè níbẹ̀, ènìyàn lè kú lórí irú ìdáhùn yẹn."

"Mo lágbára jù ú lọ."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Mo ní kó tún dán mi wò. Ó ní ní ti ọdún yìí, ó ti parí.

Àbúrò mi fi Yorùbá sọ̀rọ̀ kí atọ́nisọ́nà náà má baà gbọ́. "Àǹtí, ẹ̀ bá ti sọ fún un. Mo rí i pé ojú yín ti pọ́n, ètè yín ti ṣú."

"O rí i?"

"Mo rí i."

"O ò sì sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní kò sí nǹkan kan."

Ó rí i. Kò sọ̀rọ̀. Bọ́ǹbọ́ǹ ló ń tú jẹ nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mo pe ìyá wa kí wọ́n bá mi dá ẹjọ́ náà. Wọ́n kẹ́dùn, lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. "Ìwọ ni àgbà, ọmọ mi. Mú un mọ́ra. Bàtà tìrẹ yẹn, ṣebí ẹsẹ̀ kan náà lẹ̀yin méjèèjì ní? Fún un. Tiẹ̀ ò tíì rọ̀, á pa á lẹ́sẹ̀ lára."

Ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Hamburg wá gbà á. Ó jókòó lórí àga mi, ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó so okùn rẹ̀, ó dìde, ó rìn lọ sí fèrèsé, ó rìn bọ̀.

"Àǹtí, kò tiẹ̀ dùn mí rárá!"

Báwo ni yóò ṣe dùn ún? Ó ti kọ́kọ́ dùn mí.

Ìba mú àwa méjèèjì pọ̀ nígbà kan tí a wà ní kékeré, orí ẹní kan náà. Ìyá wa kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi. "Ìyá mi, níbo ló ń dùn ọ́? Ṣé orí ni? Ṣé inú ni? Fi hàn mí." Wọ́n wá bojú wo ẹ̀gbẹ́ tèmi. "Ìwọ, ara tìẹ le, àbí? Àgbà ni ọ́. Dìde, lọ bu omi wá fún àbúrò rẹ." Mo dìde, mo di ògiri mú lọ sídìí àmù, mo bu omi wá. Àwọn ará ilé ní akin ọmọ ni mí. Wọ́n fi oríyìn bọ́ mi, wọ́n fi ògì àti mílíìkì bọ́ ọ. Látìgbà náà ni ó ti ń fi ibi tó ń dùn ún hàn, látìgbà náà ni mo ti ń bu omi.

Lánàá, ó fi ohùn ránṣẹ́ láti Peru. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ títí ó fi parí, mo tún un gbọ́. Ó ní àwọn ti kan ahoro kékeré kan lójú ọ̀nà, òkúta rẹ̀ rí bí mo ṣe sọ, ó ní òun fi èékánná wá àlàfo, òun ò rí. Mo fara dà á. Lẹ́yìn náà ló ní: "Orí ń fọ́ mi díẹ̀, Àǹtí. Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ń bá mi gbé àpò mi." Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi. Owú òkúta yẹn ń jẹ mí, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n owú ìjókòó yẹn ló pọ̀ jù. Ó ní ó ń dun òun, wọ́n sì jẹ́ kó jókòó.

Láàárọ̀ yìí, màmá àgbà ìsàlẹ̀ bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé mi ò gun òkè mọ́. Mo ní ara mi le, mo dúpẹ́. Ó ní òkè ni òun béèrè.

Mo wá ń bi yín, gbogbo ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìwọ atọ́nisọ́nà, tí o rí òtítọ́ lọ́mọ ìka mi, kí ló dé tó jẹ́ pé nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí lo tó sọ fún mi pé ìdánwò ni ìbéèrè rẹ? Ìwọ àbúrò mi, tí o pariwo orí tìrẹ, kí ló pa ọ́ lẹ́nu mọ́ nígbà tí o rí ètè mi? Ẹ̀yin ìjọ tí ẹ ń pariwo "ara wa le," ta lẹ rò pé ó ń gbọ́ wa? Ẹ̀yin náà, Màámi, ẹni tó dùn mí jù láti bi: orí ẹní yẹn, nígbà tí ìba ń jó àwa méjèèjì, kí ló dé tí ẹ ò fi béèrè ibi tó ń dùn mí? Ẹ dá mi lóhùn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi àdúrà dá mi lóhùn.