Kẹ̀kẹ́ Màmá àti Irin Fèrèsé

Lọ́jọ́ tí Màmá Oníkẹ̀kẹ́ gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ilé ìwòsàn, tí odindi irin fèrèsé so mọ́ kẹ̀kẹ́ náà lẹ́yìn, ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ń gún aláìsàn kan lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó gbọ́ ariwo irin lórí títì, ó yọjú, ó sì fa orí padà kíá.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ mọ màmá yẹn ni?" ni aláìsàn náà bi í.

Ó ní òun ò mọ̀ wọ́n rí.

Ó mọ̀ wọ́n dáadáa. Òun gan-an ló fi ṣéènì àti àgádágodo de kẹ̀kẹ́ mọ́ irin fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lójú tirẹ̀, ìyá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó ti bá ara rẹ̀ nínú gọ́tà lẹ́ẹ̀mejì, kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lórí kẹ̀kẹ́ mọ́. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ní, "Màmá, kẹ̀kẹ́ yìí ò gbọdọ̀ kúrò lára irin yìí o. Mo ti bẹ̀ yín tó." Màmá dáhùn pé, "Mo ti gbọ́, Nọ́ọ̀sì." Ẹni tí Ọlọ́run fi irú ọmọ ọlọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ta lọ́rẹ, kí ló tún kù tó fẹ́ sọ?

Nọ́ọ̀sì ò tíì dé ibi iṣẹ́ tí Màmá fi ránṣẹ́ pe wẹ́dà, pé kó wá gé irin fèrèsé kúrò lára ògiri. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì padà délé ní ìrọ̀lẹ́, fèrèsé ti di ihò gbàgàdà, atẹ́gùn ń wọlé bó ṣe wù ú, Màmá sì jókòó ti ihò náà, wọ́n ń hun ìbọ̀sẹ̀.

"Màmá! Kí lẹ ṣe yìí?"

"O ní kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ kúrò lára irin. Ṣé ó kúrò?"

Nọ́ọ̀sì wo kẹ̀kẹ́. Kò kúrò lóòótọ́.

Bí wọ́n ṣe ń hun òwú fún èèyàn náà nìyẹn, bó ṣe wù wọ́n. Màmá kì í fi téèpù wọn ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, wọ́n á wò ọ́ fìrí, wọ́n ti gba ìwọ̀n rẹ nìyẹn. Àna wọn, ọkọ Nọ́ọ̀sì, gba súwẹ́tà tí apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, nítorí pé ọwọ́ ló ń jù sí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Kò mọ̀ pé ọ̀yàyà máa ń bá èèyàn délé.

Ti aránṣọ, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré, tún wá burú. Fìlà tí Màmá hun fún un lè gba ìkòkò.

"Orí ta lo fi wọn èyí?"

"Orí tìrẹ ni. O ru ẹrù aṣọ lọ́jọ́ náà."

"Ojú rẹ ò sì rí i pé ẹrù ni?"

"Mò ń sáré ni."

Aránṣọ fi fìlà bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó bò ó dáadáa.

Bí ẹnikẹ́ni bá rí wọn lórí kẹ̀kẹ́ tó sì ní arúgbó ṣoge rí, Màmá á dáhùn pé, "Èmi ò tíì ṣe tán." Àwọn ará àdúgbò á rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kì í rẹ́rìn-ín. Ó ti tọ́jú àwọn àgbàlagbà tí eegun itan wọn ṣẹ́, ó sì mọ iye wọn tí kò dìde mọ́. Ẹ̀rù ń bà á, ó kàn ń pe ẹ̀rù náà ní ìbínú ni. Ló bá ṣí àgádágodo, ó ní kí wọ́n jọ ta tẹ́tẹ́ kan.

"Ẹ gùn ún dé ilé aránṣọ, kẹ́ ẹ sì padà. N ó máa tẹ̀ lé yín. Bí ẹsẹ̀ yín bá kanlẹ̀ péré, ó parí."

"Bí kò bá kanlẹ̀ ńkọ́?"

"N ò ní sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́ láyé mi."

Màmá gùn ún wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n ń kí tọ̀tún tòsì. Nọ́ọ̀sì, tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní àǹfààní eré ìdárayá ní àràárọ̀, ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà aránṣọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá yí i po lórí kẹ̀kẹ́.

"Ṣé ká pe dókítà ni?"

Wọ́n fọwọ́ ti ògiri kí ẹsẹ̀ má baà kanlẹ̀, wọ́n ní kó gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó gùn ún. Ibẹ̀, tó fọwọ́ kọ́ ìbàdí ìyá rẹ̀, ló ti mọ bí ìbàdí náà ṣe rù tó.

"Màmá, ẹ jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀."

"Jókòó jẹ́ẹ́."

Wọ́n gbé e délé. Ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀, Nọ́ọ̀sì náà ò sì sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́.

Màmá sùn lóru ọjọ́ kan, wọn ò jí. Kò sí eegun kankan tó ṣẹ́ lára wọn. Títí di òní, ìtàn fèrèsé ni àwọn ará àdúgbò ń sọ, Nọ́ọ̀sì sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ kan wà tí kì í sọ fún wọn.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kí Màmá fi ayé sílẹ̀ ni. Màmá dúró ti kẹ̀kẹ́, wọ́n gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀. Wọ́n tún un gbé, ó tún kọ̀. Wọn ò dá àpárá kankan, ìyẹn ló sì dun Nọ́ọ̀sì jù. Kò bi wọ́n léèrè. Ó gbé wọn lé orí kẹ̀kẹ́, ó fi ọwọ́ kan gbá wọn mú, ó ń fi èkejì tì wọ́n lọ.

"Ṣé ẹyin lò ń rù ni? Sáré díẹ̀!"

"Ẹ ó ṣubú, Màmá."

"Nígbà tó o dì mí mú?"

Nọ́ọ̀sì sáré. Màmá ń tẹ aago fún títì tí kò séèyàn kankan lórí rẹ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, omi sì ń bọ́ lójú Nọ́ọ̀sì. Màmá ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n dúró.

"Ó tó, ọmọ mi. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ni Nọ́ọ̀sì wí, "ẹ jẹ́ ká dé ìkángun títì yẹn péré."