Orin Mẹ́ta fún Àwọn Ará Òfuurufú

Òórùn sípíríìtì ni mo fi ń mọ̀ pé ìyá mi fẹ́ fi rédíò ṣe nǹkan pàtàkì. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, ó ti òwú bọ inú sípíríìtì, ó ń fi nu ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ti máa ń yí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń nu etí ọmọ tuntun. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló ń wí, àmọ́ èmi ló ń bá wí, nítorí mo ti na ọwọ́ sí bọ́tìnì. Nílé wa ní Jakande, Ìsọlọ̀, ọmọdé kì í tẹ rédíò. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà láyé kásẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ òfin yẹn.

Àǹtí Bísí, olùkọ́ wa ní páráímárì fáìfù, ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ fún wa pé àwọn òyìnbó kan ti kó orin díẹ̀ sínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sáàárín ìràwọ̀, pé bí ẹnikẹ́ni bá ń gbé lọ́hùn-ún, kí ó lè fi mọ irú ẹ̀dá tí ọmọ ènìyàn jẹ́. Ó ní kí àwa náà yan orin mẹ́ta, kí a gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì wá lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tí tirẹ̀ bá dùn jù ni yóò tẹ bọ́tìnì rédíò níwájú gbogbo ilé-ìwé. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn mọ́. Èmi Fúnmi, kí n tẹ bọ́tìnì, kí ẹnikẹ́ni má sì gbá mi lọ́wọ́!

Nílé, ìjà orin bẹ̀rẹ̀. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá mi fẹ́, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń kọ níbi ìsìnkú ní Abẹ́òkúta. Bàbá mi ní, "Orin òkú! Wọ́n á rò pé gbogbo wa ti kú tán." Òun fẹ́ àpàlà. Ìyá mi dá a lóhùn pé látìbẹ̀rẹ̀ dópin, onímọ́tò kan ní Ìbàdàn ni olórin yẹn ń kì. "Ṣé kí àwọn ará òfuurufú máa wá onímọ́tò yẹn kiri ni, Bàbá Fúnmi?" Bàbá mi ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé tòun sì rèé, ilé àpàlà ni. Níkẹyìn, wọ́n gbà kí a fi méjèèjì sí i. Orin ijó tí gbogbo ọmọ Jakande ń jó nígbà náà ni tèmi, òun ló gbẹ̀yìn.

Bàbá mi jáde lọ sí Oṣòdì, ó ní òun fẹ́ ra bàtà. A yá rédíò Ìyá Ràṣídì tó ń gbé lókè wa, a kọjú rẹ̀ sí tiwa lórí tábìlì, kí ọ̀kan máa kọrin, kí èkejì máa gbà á. Ìyá mi ti fèrèsé pa. Òógùn bò wá. "Ẹni tó bá lanu, kò ní jẹ ẹran lónìí," ló wí fún èmi àti Kúnlé àbúrò mi.

Orin ṣọ́ọ̀ṣì ò tíì dé ìdajì tí a gbọ́, "Ẹ kú ilé o, Ìyá Fúnmi!" Ìyá Ràṣídì ni. Ìyá mi di ẹnu mú, ó wo rédíò, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń gbójú kúrò lára ẹni tó ń kí i? "Ẹ káàbọ̀ mà! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ríra láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n bi ara wọn nípa àwọn ọmọ, nípa ẹsẹ̀ tó ń dunni, nípa omi tí kò yọ. Ìgbà tí orin fi máa parí ni Ìyá Ràṣídì wá ní, "Mo ní kí n wá wo rédíò mi ni."

Inú bí ìyá mi sí ara rẹ̀. "Látìsinsìnyí lọ," ló wí, "bí ọba bá wọlé, ẹ ò gbọdọ̀ dáhùn."

Àpàlà ń lọ dáadáa nígbà tí ilẹ̀kùn dún. "Ẹ kú ilé o." Bàbá mi ti ti Oṣòdì dé. A dákẹ́. "Ẹ kú ilé níbí o!" A tún dákẹ́, ìyá mi ń fọwọ́ bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ju bàtà tuntun sílẹ̀. "Kí ló dé? Ta ló kú?" Ibi tí mo ti ń gbé ẹ̀rín mì ni orin tèmi bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tí iná lọ. Kò tún dé títí di àárọ̀ Ajé. Bí mo ṣe gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ nìyẹn, tẹkúntẹkún, torí mo mọ̀ pé bọ́tìnì ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ní kíláàsì, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín títí kásẹ́ẹ̀tì mi fi dé ibi tí bàbá mi ti wọlé. "Ẹ kú ilé o," ló wí látinú rédíò. Láìròtẹ́lẹ̀, gbogbo kíláàsì pariwo, "Ẹ káàbọ̀, sà!" Àǹtí Bísí fúnra rẹ̀ ti tẹ orúnkún díẹ̀ kó tó rántí pé rédíò ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní orin pọ̀ nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì yòókù, ṣùgbọ́n tèmi nìkan ni èèyàn wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo tẹ bọ́tìnì. Odindi ilé-ìwé ló kí bàbá mi káàbọ̀.

Mo sáré délé lọ ròyìn fún un. Ó ní, "Ìyẹn ni pé gbogbo ayé ló dá mi lóhùn, àfi ilé mi?"

Èjìgbò ni mò ń gbé báyìí. Kò sí orin tí mi ò ní lórí fóònù, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù mí. Àwọn ọmọ mi ti nǹkan ìgbọ́rin bọ etí. Ilé wa dákẹ́ gan-an bí ìyá mi ṣe fẹ́ kó dákẹ́ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Nígbà tí bàbá mi jáde láyé, Kúnlé bá mi gba kásẹ́ẹ̀tì yẹn sórí fóònù. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń dáná, mo máa ń gbọ́ ọ. Orin òkú á lọ, Ìyá Ràṣídì á kí wa, onímọ́tò Ìbàdàn á gba oríkì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn á dún.

"Ẹ kú ilé o."

Mo máa ń fi ṣíbí sílẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ níwájú sítóòfù. "Ẹ káàbọ̀, sà." Á tún kí mi lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni tí kò gbọ́, èmi náà á sì tún dá a lóhùn.