Irin Tí Wọ́n Fún Hilarión Tarqui

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Hilarión Tarqui fi gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ ní Wilakala àti ní àwọn abúlé tó yí i ká. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́ náà. Ohun tí ilé rédíò ìjọ gbà á fún ni pé kó máa tan ẹ̀rọ láàárọ̀ kùtùkùtù, kó ka iye tí wọ́n ń ta àgùntàn ní ọjà ìlú Oruro, kó sì kéde ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n tó bá ti ṣe ìyẹn tán, á so rẹkọ́dà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, á forí lé ilé àwọn arúgbó. Wọ́n á kọrin ìgbéyàwó fún un. Wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe ń pẹja nígbà tí adágún ṣì lómi. Wọ́n á pe orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan bí àwọn baba wọn ṣe ń pè é. Hilarión á jókòó tì wọ́n, á máa jẹ ọ̀dùnkún gbígbẹ tí wọ́n gbé fún un, kò ní já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń gbé ọ̀kan nínú àwọn ohùn náà sórí rédíò. Obìnrin tó ti sin ìyá rẹ̀ láti ọdún méje á dá iṣẹ́ dúró láàárín oko, á gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Nítorí èyí, kò sí ilé tí Hilarión dé ní Wilakala tí wọn kì í wá àga fún un.

Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rin. Eruku ń jẹ wọ́n, òtútù ń jẹ wọ́n, òmíràn ti ń há sínú ẹ̀rọ. Delfina ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ, ló ní kó ra kọ̀ǹpútà kó kó gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ló fi ṣe é, kásẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn òmíràn, títí gbogbo ohùn náà fi wà nínú irin pẹlẹbẹ kan tó so mọ́ kọ̀ǹpútà náà, tí kò tóbi ju ìwé àdúrà lọ, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní háàdì. Nígbà tí Delfina kó wálé tòun ti ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, yàrá há.

"Bàbá, kí lẹ tún ń fi kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ṣe? Ṣebí wọ́n ti wà nínú kọ̀ǹpútà."

Wọ́n jọ kó wọn sínú àpò ni, bàbá àti ọmọ, wọ́n sì lọ dà wọ́n sí ààtàn tó wà lẹ́yìn ilé ìpẹran. Hilarión ní i lọ́kàn pé òun á ra háàdì kejì, òun á da gbogbo rẹ̀ kọ síbẹ̀. Kò tíì rà á tí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kànkùn. Kó, kó, kó, fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó dákẹ́.

Wáráńtì ọdún mẹ́ta, ìwé ìdánilójú ilé iṣẹ́, wà lórí irin náà, ó sì ku oṣù mọ́kànlá. Bí kò bá sí wáráńtì ni, ì bá gbé e lọ fún àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Oruro. Ṣùgbọ́n ìwé náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u, àfi ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Hilarión ka èyí, ó sì gbà pé àwọn tó ṣe nǹkan ni yóò mọ̀ ọ́n tún ṣe jù. Ó fi ìbora ọmọdé wé irin náà, ó gbé e sáyà, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá La Paz.

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni ọ́fíìsì àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ náà wà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jhovana ló jókòó lẹ́yìn gíláàsì, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.

"Kí ló ṣe é, Bàbá?"

"Ó ń kànkùn, ọmọ mi, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ohùn àwọn ará ìlú mi ló wà nínú rẹ̀."

"Ẹ mú rìsíìtì dání?"

Ó mú un dání, nínú ọ̀rá. Jhovana tẹ nọ́ńbà ara irin náà sínú ẹ̀rọ, ó wò ó. "Wáráńtì yín ṣì ń ṣiṣẹ́. Orí yín bá yín ṣe é. Ẹ buwọ́ lùwé níbí, níbí, àti níbí."

Ìwé náà jẹ́ ojú ewé mẹ́ta, lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí èèrà. Hilarión fi ìka sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kò tíì dé ìdajì tí ọkùnrin kan tó tò sẹ́yìn rẹ̀ fi sọ̀rọ̀: "Bàbá, ṣé Bíbélì lẹ̀ ń kà níbẹ̀ ni? Ẹ dákun, àwa náà nílé tí à ń lọ." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ojú ti Hilarión. Ó buwọ́ lù ú níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n á ṣe é tán?"

"Ẹ padà wá tó bá di ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Jhovana kò sọ pé wọ́n máa tún un ṣe. Kò sì sọ pé wọn kò ní tún un ṣe.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Hilarión padà wá tòun ti wàràkàṣì àgùntàn kan tó fi ewé wé, ẹ̀bùn fún ọmọbìnrin náà. Jhovana gbà á, ó dúpẹ́, ó sì na irin kan sí i nínú ọ̀rá tó ń dán. Orúkọ kan náà ló wà lára rẹ̀, títóbi wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n Hilarión mọ irin rẹ̀. Ó ní kó tàn án kí òun rí i. Ọmọbìnrin náà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Èyí kọ́ ni tèmi."

"Tiyín ti bàjẹ́, Bàbá. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ fún yín. Èyí dáa ju tiyín lọ gan-an."

"Níbo ni tèmi wà?"

"Ó ti di ti ilé iṣẹ́. Ẹ ti fọwọ́ sí i. Ó wà lójú ewé kẹta."

"Ọmọ mi, mi ò fẹ́ tuntun. Ẹ gba èyí, kẹ́ ẹ fún mi lókùú tèmi."

Jhovana bá pe ọ̀gá rẹ̀. Ẹnjiníà Urquidi jáde, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, aṣọ funfun lọ́rùn. Hilarión ti lé ní ọgọ́ta dáadáa, irun rẹ̀ ti funfun tán, síbẹ̀ ìwọ ni Urquidi ń pè é.

"Bàbá àgbà, irin lo rà lọ́wọ́ wa, irin la fún ẹ. Àbí o ra orin mọ́ ọn ni?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọrin náà ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ṣé kí n wá kọ̀wé sókè òkun pé àwọn arúgbó kan ń kọrin nínú irin yín, ẹ rọra fọwọ́ kàn án?"

Ẹnìkan dún bí àgùntàn nínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Urquidi wọlé padà.

Hilarión kò lọ. Ilé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló ń dé sí, tí ilẹ̀ bá ti mọ́ á padà wá jókòó sórí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, irin tuntun lórí itan. Jhovana ń fi wàràkàṣì jẹ búrẹ́dì lẹ́yìn gíláàsì. Nígbà àkọ́kọ́ ó yí ẹ̀yìn sí i kó tó jẹun; nígbà tó di ọjọ́ kejì kò yíjú mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ọkùnrin méjì gbé àpótí igi ńlá kan jáde láti inú.

"Bàbá, ẹ kó ẹsẹ̀ kúrò."

Hilarión kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ó rí i pé ọwọ́ wọn dí, ó dìde, ó di ilẹ̀kùn mú fún wọn títí wọ́n fi kọjá. Ó kí wọn kú iṣẹ́.

Lọ́sàn-án Urquidi ń lọ jẹun, ó bá a níbẹ̀. "O ṣì wà níbí? Máa lọ sílé ẹ. Inú àpótí tí wọ́n gbé jáde láàárọ̀ ni tìẹ wà. Wọ́n ti ń gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú."

Hilarión wo ilẹ̀kùn. "Èyí tí mo ṣílẹ̀kùn fún?"

"Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún wọn? O ṣé o."

"Ibí ló wà látọjọ́ yìí, sà?"

"Ẹ̀yìn àga Jhovana. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi tépù ilé iṣẹ́ di àpótí náà. Tí mo bá já tépù, èmi ni màá máa ṣàlàyé." Ó wọ kóòtù rẹ̀. Bóyá nítorí pé bàbá náà kò pariwo ló ṣe dúró sọ ìyókù, bí ẹni tó ń ṣe ọ̀yàyà. "Kò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Pátákó kékeré abẹ́ rẹ̀ ló jó. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá mọṣẹ́ lójú títì á tún un ṣe láàárín wákàtí kan. Lọ́hùn-ún, wọ́n á pààrọ̀ pátákó, wọ́n á nu inú rẹ̀ nù, wọ́n á kó o fún oníbàárà mìíràn. Èyí tó wà lórí itan ẹ yẹn náà, ta ló mọ ẹni tó ń sunkún rẹ̀."

Hilarión ì bá dákẹ́ nígbà tó délé, kò sẹ́ni tí ì bá tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú ó tan rédíò, ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, ó tọrọ àforíjì, ó pa ẹ̀rọ. Kó tó dìrọ̀lẹ́ wọ́n ti pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́.

Basilio, olórí ìlú lọ́dún náà, kò jẹ́ kó jókòó. "A gbé àwọn òbí wa lé ẹ lọ́wọ́. O gbé wọn lọ sí La Paz, o gba irin bọ̀."

"Ó ti tà wọ́n," obìnrin kan sọ.

"N kò tà wọ́n."

"Ìbá sàn kó o tà wọ́n. À bá mọ ibi tí wọ́n wà."

Ẹnìkan wá bèèrè kásẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ojú yí sí Delfina tó dúró lẹ́bàá ògiri. Àwọn tó ń ránṣọ fún wà nínú ìjókòó, ó wò wọ́n kó tó la ẹnu.

"Bàbá ló ní ká lọ dà wọ́n nù," ló wí.

Hilarión wò ó. Wọ́n nawọ́, wọ́n sì fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ gbé rẹkọ́dà wọ ilé ẹnikẹ́ni mọ́ ní Wilakala.

Kò gbọ́. Ó so rẹkọ́dà àti irin tuntun náà mọ́ kọ̀ǹpútà kí ohùn lè wọ inú irin tààrà, ó di wọ́n mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gùn ún. Nínú gbogbo àwọn tó ti kọrin fún un, mẹ́rin péré ló kù láàyè. Ẹni àkọ́kọ́ dẹ ajá sí i. Ẹnì kejì kò ṣílẹ̀kùn. Ẹnì kẹta, tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, da omi ìfọṣọ sí i lẹ́sẹ̀. Eusebia Chambi, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, nìkan ló ní kó wọlé.

"Tan ẹ̀rọ ẹ."

Ó tàn án.

"Ṣé ó ti ń gbọ́?"

"Ó ń gbọ́, Màmá."

"Ó dáa. Ìwọ Hilarión, òmùgọ̀ tí ìyá rẹ̀ ìbá ti gbàgbé sínú oko. Ọkọ mi kọrin òjò fún ẹ, ó fi ikọ́ kọ ọ́, ó kú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èmi ni mo ní kó kọ ọ́. Mo ní, kọ ọ́ fún Hilarión, Hilarión á tọ́jú ẹ."

Ìdajì wákàtí ló fi bú u. Ó bú ọwọ́ rẹ̀, ó bú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bú irú ẹni tí yóò gbé òkú ọlọ́kùú lọ sọ́dọ̀ àjèjì, kó sì kí àwọn tó jí i gbé kú iṣẹ́. Nígbà tí ohùn rẹ̀ bá ga jù, Hilarión á rọra yí bọ́tìnì wálẹ̀ kí ohùn náà má baà ya. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní kó jáde.

Eusebia kú ní oṣù Ògọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, wá sílé Hilarión. Wọ́n ti gbọ́ pé ohùn ìyá àwọn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó sọ irú ohùn tó jẹ́ fún wọn. Wọ́n ní kó tàn án síbẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ ọ dópin. Níbi tí ìyá wọn ti bú kẹ̀kẹ́, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Pa á rẹ́," ọmọkùnrin náà sọ. "Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èébú ló máa kù lẹ́yìn ìyá mi."

"Òun nìkan ló wà," Hilarión dáhùn. "Kò sí òmíràn ní gbogbo ayé."

"Ta ló fà á?"

Ọmọbìnrin náà ní kó tún un tàn lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó pa á rẹ́. Ó tún un tàn. Lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin náà dìde, ó wá dúró sí ẹ̀yìn àga Hilarión, bàbá náà sì pa ohùn náà rẹ́ lójú wọn.

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà tí ọmọbìnrin náà fi yíjú padà. Ó bi í bóyá ohùn náà ti lọ pátápátá, bóyá ó ṣì lè wà níbì kan nínú irin yẹn.

Hilarión sọ fún un pé ó ti lọ.