Ibi Tí Ìwọ̀n Mọ

Sọ̀fíyọ̀ ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí ilé wà lórí rẹ̀ lónìí, láti Ìkòsì títí dé ẹ̀yìn Kétu, Dádì ló wọ̀n ọ́n. Bí ẹbí méjì bá ń jà lórí ààlà, Dádì á gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, wọ́n á na téèpù, ariwo á rọlẹ̀. Èmi ọmọ wọn lọ kọ́ físíìsì, mo sì di tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà sílé.

Nígbà tó yá, Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Wọ́n fi mọ́tò ha ara ògiri, wọ́n ní ògiri náà ló yọrí síta jù. Mo bẹ̀ wọ́n títí a fi lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Gbàgádà. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, ó fún wọn ní bọ́tìnnì: ìgbàkígbà tí wọ́n bá rí iná kékeré tó tàn ní igun èyíkéyìí, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sẹ́yìn, mò ń gbọ́ bí bọ́tìnnì náà ṣe ń dún léraléra. Ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí dókítà ṣe wo èsì tó mi orí.

"Bàbá, ẹ̀rọ ní ẹ ń tẹ bọ́tìnnì nígbà tí iná kankan ò tàn. A ò lè gbẹ́kẹ̀ lé èyí. Ẹ máa padà wá."

A padà sílé ní Kétu. Ìgbà tá a wọlé ni Dádì ní, "Ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́."

Lọ́sẹ̀ yẹn, mò ń múra ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì tó kẹ́yìn. Dádì jókòó sí pálọ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n ní kí n kà á sókè fún àwọn. Mo ṣàlàyé pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ohun tín-tìn-tín inú átọ́ọ̀mù, kéré débi pé bá a bá ṣe ń mọ ibi tó wà dáadáa tó, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ yóò ṣe máa ṣókùnkùn sí wa tó.

"Irinṣẹ́ wọn ni ò dáa," Dádì ní.

"Rárá o, Dádì. Irinṣẹ́ tó dáa jù láyé ò lè yí i padà. Kì í ṣe pé ó ń fara pamọ́ fún wa. Ibi tó wà àti ìrìn rẹ̀ kì í dá ṣáká lẹ́ẹ̀kan náà ni."

Inú bí wọn. "Ohun tó bá ti wà, ó níwọ̀n! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí lèèyàn fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀?"

Mo pa ìwé mi dé. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

"Mi ò rí iná yẹn."

"Iná wo, Dádì?"

"Ti Gbàgádà. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ojú mi bàjẹ́ dé."

Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bàbá yìí kan náà ni kò jẹ́ sún ààlà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ nítorí ẹnikẹ́ni.

A padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, bọ́tìnnì dún díẹ̀, ó dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà ò sì tán bọ̀rọ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n wúkọ́ kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́. Ojú ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Dókítà ní èyí tó ti lọ ò ní padà, àmọ́ oògùn tí wọ́n ń kán sójú lè di èyí tó kù mú.

"Títí di ìgbà wo?"

"Bàbá, mi ò lè sọ."

Nígbà tá à ń bọ̀, Dádì bi mí pé, "Ṣé èyí náà wà lára ohun tí kò ṣeé wọ̀n?"

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ara ì bá tù wọ́n. Àmọ́ irọ́ ni ì bá jẹ́.

"Rárá, Dádì. Ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yàtọ̀. Èyí níwọ̀n tirẹ̀. Àwa la ò tíì mọ̀ ọ́n."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù," ni wọ́n wí.

Wọn ò wa mọ́tò mọ́. Èmi ni mò ń bá wọn kán oògùn náà, wọ́n á di ọrùn ọwọ́ mi mú títí yóò fi yéé ta wọ́n lójú. Bí wọ́n bá dá jáde lọ kí ọ̀rẹ́ wọn ládùúgbò, mi ò lè ṣe iṣẹ́ kankan títí wọ́n á fi padà dé.