Apá Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Igi

Ọjọ́ tí a ṣe fìdáù bàbá mi ni àwọn ẹbí tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá fi gbogbo igi tí bàbá là sílẹ̀ dáná tán. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá ni ara mi ti kú bí apá tí èèyàn sùn lé.

Ìyá mi ni kò jẹun. Wọ́n wà nínú opó, wọn kì í jáde, oúnjẹ tí àwọn èèyàn bá sì gbé wá, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á gbé e tì. Èyí tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn sè nìkan ló ń lọ lọ́fun wọn, orí sítóòfù onígi tí bàbá ní kí wẹ́dà kan ní Dópémù fi irin jó nígbà tí gáàsì wọ́n gógó ni wọ́n sì ti ń sè é. Sítóòfù náà ní ìlẹ̀kùn. Bí igi bá gùn jù, kò ní í pa dé, èéfín á gbalé, àyà ìyá mi kò sì gba èéfín.

Mo lọ ra èékù pákó lọ́dọ̀ àwọn onípákó lẹ́yìn Oko Ọba. Bàbá máa ń sọ pé ìwọ̀n igi sítóòfù náà kò ju láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka àárín lọ. Gbogbo èèyàn ló sì máa ń sọ pé apá bàbá mi ni mo gbé wọ̀. Mo na apá lé igi, mo fi ayùn gé e, mo fi àáké là á. Mo là á títí ọwọ́ mi fi bó, n kò mọ̀ ọ́n lára.

Kò wọ̀. Èéfín bolẹ̀, ìyá mi húkọ́ títí wọ́n fi jókòó. Àǹtí tó ń gbé yàrá kejì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè, tèmi tó pẹpẹ o, sítóòfù ni kò wọ̀. Inú bí mi. Mo ní ṣebí apá kan náà lèmi àti bàbá ní, báwo ni tiwọn ṣe ń wọ̀?

Ìyá mi ní kí n gbé igi náà wá. Wọ́n na apá wọn lé e.

“Apá tèmi ni bàbá rẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo máa máa ki igi bọná.”

Mo fi èédú sàmì síbi tí ìka wọn dé, mo gé e. Ìlẹ̀kùn pa dé. Ìyá mi gbé ìrẹsì kaná, wọ́n bù ú, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ mi tó bó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí.