Ẹsẹ̀ Tó Yẹ Kó Wọlé

Wọ́n da omi àti bílíìṣì sórí ọdún aládùúgbò mi. Òórùn rẹ̀ ló pàdé mi lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, nírọ̀lẹ́ Dìwálì, ọdún iná àwọn ará Íńdíà, bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Láti ìgbà ooru ni mo ti ń pe ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé náà nítorí ìtọ̀ tó ń rùn lórí àtẹ̀gùn yẹn, wọn ò yọjú. Òdòdó tí Màmá ará Íńdíà tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tèmi fi ìyẹ̀fun aláwọ̀ mèremère yà sẹ́nu ọ̀nà wọn nìkan ni wọ́n rí fọ̀.

Mo bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ nu ilẹ̀ kó lè gbẹ. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé alẹ́ ọjọ́ náà ni Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀, máa ń rìn káàkiri, ilé tó bá ní iná àti ọ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà ló sì ń yà sí. Ìyẹ̀fun wọn ti tán, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Mo bi wọ́n pé ṣé kò sí nǹkan mìíràn téèyàn lè lò. Wọ́n ní ìrẹsì lílọ̀ làwọn àgbà ń lò nílé, kí èèrà àti ẹyẹ náà lè rí nǹkan jẹ lọ́dún.

Bí mo ṣe gbọ́ oúnjẹ, ó tán. Mo gbé gàrí pupa wá. Àlàájà tó ń gbé lókè wa gbé èlùbọ́ àti ata gígún sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ òrìṣà kankan o, aládùúgbò làwọn wá ràn lọ́wọ́. Ata náà kó sí wa nímú, a ń sín, a ń rẹ́rìn-ín, òdòdó sì ń jáde lábẹ́ ọwọ́ Màmá.

Màmá bu ìrẹsì lílọ̀ jáde látinú ilé, wọ́n ní kí n fi ya ẹsẹ̀ kéékèèké ti òrìṣà náà bó ṣe ń wọlé. Mo kọ̀yìn sílẹ̀kùn, mo lóṣòó, mo yà á bí ẹsẹ̀ tèmi ṣe wà. Màmá wò ó, ẹ̀rín pa wọ́n títí wọ́n fi di ògiri mú.

"Kò tíì dé, o ti ń sìn ín lọ."

"Pẹ̀lú gbogbo ìwé tó o kà," Àlàájà fi kún un.

A yí ìka ẹsẹ̀ náà sínú kí ilẹ̀ tó ṣú tán, Màmá sì tan fìtílà. Ṣáájú ọjọ́ náà, ìkíni lásán ló wà láàárín wa. Látìgbà náà, mo ti ní ẹni tí mo lè kanlẹ̀kùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé wa, ayọ̀ wa ò pa ìbéèrè rẹ́. Ta ló pàṣẹ? Ta ló bi Màmá léèrè kí ẹ tó da omi sí òdòdó wọn? Ẹ kọ èsì yín sílẹ̀, kí ẹni náà fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ẹ má kọ ọ́ sí mi. Màmá ni kí ẹ kọ ọ́ sí.