Ooru Ọkọ̀ Raymond

"Tọ́ńtọ̀n, kí ló dé tí ẹ kì í wọ ọkọ̀ tí ẹ bá tún ṣe?"

Olga ló béèrè. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni nígbà náà, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹ̀fọn lọ. Ó ti ń yí ọ̀rọ̀ náà po lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́ bí ẹni tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu. Nígbà tó jáde tán, ilẹ̀ ló ń wò.

Kòkúmọ́ ló bi, mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ létí ọ̀nà Kamina ní Atakpamé. Kì í ṣe ẹbí Olga, aládùúgbò ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ àdúgbò náà tí kì í pè é ní Tọ́ńtọ̀n, bí ẹni pe àbúrò bàbá wọn ni. Ó wo sípánà ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọmọ náà, ó ní, "Olga, lọ bá mi pọn omi wá."

Omi sì kún garawa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dẹ́nu.

Ìbéèrè náà kò ṣàdédé wáyé. Ọ̀ràn wà nílẹ̀. Raymond, awakọ̀ tó ń ná Atakpamé sí Glei, ní ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan tó fi tapólì bò, tó to bẹ́ńṣì sẹ́yìn rẹ̀ fún èrò. Àárẹ̀ ti mú ọkọ̀ náà. Tó bá dé òkè tí wọ́n ń gùn wọ ìlú, ìgbín á fẹ́rẹ̀ẹ́ yà á sílẹ̀. Kòkúmọ́ wá tú tọ́bò lára ọkọ̀ ńlá kan tó ti kú, ó gbé e sí i, kó lè máa fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Agbára dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iná tí a bá fẹ́, a kò lè ní kó má gbóná.

Kòkúmọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó fi aṣọ tí iná kì í jó di páìpù èéfín, kí ooru rẹ̀ má bàa fọ́n káàkiri abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi páànù dínà láàárín páìpù náà àti àwọn rọ́bà omi. Ó wá ràdíétọ̀ tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí omi ẹ́ńjìnnì lè máa tutù nínú rẹ̀. Ó tilẹ̀ dín epo kù díẹ̀, nítorí bí epo bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín á dúdú bí ìdí ìkòkò, ooru á sì kọjá àlà. Tó bá tan ẹ́ńjìnnì náà, tó tẹ̀ ẹ́ títí, á fìka ta omi sí i lára bí obìnrin tó ń dán òróró wò, á mi orí. Ó dára.

Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ náà ń hó lórí òkè. Raymond á ní kí èrò bọ́ sílẹ̀, kí oníkálukú gbé ẹrù rẹ̀, á bu omi sí i, á sì rọra wà á dé ọ̀dọ̀ Kòkúmọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé tọ́bò lẹ gbé sí mi nínú ọkọ̀ ni, àbí ìkòkò ọbẹ̀?"

"Ó yẹ kó dára, Raymond."

"Ó yẹ! Ẹ lọ sọ ìyẹn fún àwọn èrò mi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gun òkè. Tó bá tún hó lọ́la, ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì Sokodé ni mò ń gbé e lọ. Ẹ sì mọ̀ pé èmi ni àwọn awakọ̀ yòókù ń wò."

Kòkúmọ́ mọ̀. Àwọn awakọ̀ ọ̀nà Glei ló ń bọ́ ọ. Bí Raymond bá lọ, wọ́n á tẹ̀ lé e, á wá ku òun àti sípánà. Lẹ́yìn tí Raymond lọ tán ni Olga, tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì gún ọkùnrin náà bí ẹ̀gún.

Ọjọ́ kejì bọ́ sí Sátidé. Olga bá Tàńtí Victoire, àbúrò ìyá rẹ̀, lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Glei. Ta ni wọ́n bá lórí àga iwájú ọkọ̀ Raymond? Kòkúmọ́! Bí ọkọ̀ ti gbéra báyìí, ó yọ orí síta lójú fèrèsé, kò sì fà á wọlé mọ́.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ panu mọ́!" ni Victoire wí. "Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ."

Gbogbo èrò dákẹ́ títí dé Glei. Ẹ́ńjìnnì kò ráhùn rárá.

Nígbà tí wọ́n ń dẹrù, Kòkúmọ́ lọ jókòó sábẹ́ igi, ó fọwọ́ lérán, ó dijú. Àwọn èrò ní ó ń ronú. Iṣu kún orí ọkọ̀. Bí wọ́n sì ti máa ń ṣe ní ọ̀nà yẹn, èyí tó kù, imú ọkọ̀ ni wọ́n so ó mọ́: ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà Victoire, àti àpò èédú kan.

Wọ́n ti gun òkè dé ìdajì nígbà tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan já, tó fò wá gbá Kòkúmọ́ lójú pàà.

"Dúró! Raymond, dúró!"

Ó bẹ́ sílẹ̀, ó lọ síwájú ọkọ̀, ó sì kígbe. "Ta ló ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí?"

"Èmi ni o, ọ̀gá. Ṣé ẹ fẹ́ rà ni?"

"Ẹ ti fi dí ọkọ̀ nímú! Ibí yìí ni atẹ́gùn ń gbà wọlé tu omi ràdíétọ̀. Raymond, ṣé bẹ́ẹ̀ lo ń ṣe lójoojúmọ́?"

Raymond họ orí. "Ẹ̀gbọ́n, láti ayé bàbá mi la ti ń so ẹrù síbẹ̀."

"Ọkọ̀ bàbá rẹ ń rìn jẹ́jẹ́, ooru rẹ̀ kéré. Èyí ń sáré. Ẹni tó ń sáré, ṣé o máa ń dí imú rẹ̀?"

Victoire fọwọ́ kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó yára fà á padà. "Yéè! Raymond, o ti bá mi bọ̀ ọ́. Iyọ̀ ló kù!"

Ẹ̀rín sọ lórí òkè. Wọ́n tú ẹrù náà, wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé itan, Olga sì gbé ẹsẹ̀ lé àpò èédú. Wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ títí ooru rẹ̀ fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ Raymond gun ìyókù òkè bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Kò hó. Orí Kòkúmọ́ sì wà lójú fèrèsé títí wọ́n fi wọ ìlú.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Sokodé mọ́. Àwọn awakọ̀ ń wá láti Glei, wọ́n ń wá láti Elavagnon pàápàá, wọ́n ń béèrè ọ̀gá tó ń yọ orí síta gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n Kòkúmọ́ kò tún wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ọdún gorí ọdún. Olga ti di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ojú ṣì ń tì í. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá Kòkúmọ́ níbi tó ti ń fi kẹrosíìnì nu ọwọ́, ó kí i, ó sì tún bi í ní ìbéèrè ọjọ́sí, wẹ́rẹ́ báyìí.

Kòkúmọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Èébì ni, ọmọ mi," ló wí. "Tí ọkọ̀ bá ti gbé mi, inú mi á máa rú. Ọjọ́ Glei yẹn, èmi ò gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì kankan ń sọ. Atẹ́gùn ni mò ń wá."